Ìṣèlú, Ẹ̀sìn àti Lítíréṣọ̀ ní Nàìjíríà

Èdè tó lé ní 500 ni wọ́n ń sọ ní Nàìjíríà, ẹ̀sìn mẹ́ta ló sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀ ju ìyókù lọ: ẹ̀sìn ìbílẹ̀, ẹ̀sìn Ìsìláàmù àti ẹ̀sìn Kirisitẹni. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pa ìhà àríwá àti ìhà gúúsù pọ̀ ní 1914, orílẹ̀-èdè náà sì gba òmìnira ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1960. Ẹka 10 nínú ìwé òfin ọdún 1999 kà á léèwọ̀ fún ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ láti sọ ẹ̀sìn kankan di ẹ̀sìn ìjọba, ẹka 38 sì fún oníkálukú lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe ẹ̀sìn tó wù ú, kó sì pààrọ̀ rẹ̀ bó bá fẹ́. Bí òfin ṣe wí nìyẹn, àmọ́ ẹ̀sìn àti ìṣèlú kò fìgbà kan rìn jìnnà síra wọn nílẹ̀ náà, àárín àwọn méjèèjì ni lítíréṣọ̀ sì ti dàgbà. Ẹ̀sìn ló sọ ọ̀pọ̀ èdè ibẹ̀ di èdè kíkọ. Ìjọba ló dá ìdíje ìwé sílẹ̀, òun náà ló ń yan èyí tí àwọn ọmọ yóò kà nílé ẹ̀kọ́. Síbẹ̀, láti ayé ewì jíhàádì títí di ayé fíìmù, ohun èlò tí ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ìjọba fi lé òǹkọ̀wé lọ́wọ́ náà ni òǹkọ̀wé sábà máa ń fi bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀.

Ẹ̀sìn àti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé kíkọ

Ní ilẹ̀ Hausa, lẹ́tà Lárúbáwá ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ èdè sílẹ̀, lọ́nà tí wọ́n ń pè ní ajami. Jíhàádì tí Usman dan Fodio bẹ̀rẹ̀ ní 1804 ló jẹ́ kí irú ìkọ̀wé yìí gbilẹ̀. Àwọn aṣáájú jíhàádì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ará ìlú kò gbọ́ èdè Lárúbáwá, nítorí náà wọ́n ń kọ ewì ní èdè Fulfulde àti Hausa, kí ó lè rọrùn láti há sórí. Nana Asma'u (1793–1864), ọmọbìnrin dan Fodio, kọ ewì ní èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì kó àwọn obìnrin jọ tí wọ́n ń gbé ewì náà kiri abúlé láti fi kọ́ àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́. Ewì ìgbà náà kò yà kúrò lára ẹ̀sìn, kò sì yà kúrò lára ìjọba: òun ni wọ́n fi ń sọ fún ará ìlú bí ìgbé ayé yóò ti rí lábẹ́ àṣẹ Sokoto, ìjọba tí jíhàádì náà dá sílẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn ni ìwé kíkọ gbà dé ilẹ̀ Yorùbá. Wọ́n mú Samuel Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú omi ní 1822, ó sì kàwé ní Freetown. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, ọdún tí wọ́n fi í joyè àlùfáà gan-an. Ní 1859, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní Abẹ́òkúta. Ìpàdé lórí àkọtọ́ wáyé ní Èkó ní 1875, odindi Bíbélì sì jáde ní èdè Yorùbá ní 1884. Ogun Kírìjì ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà láàárín Ìbàdàn àti àwọn Èkìtìparapọ̀. Àwọn ìlú tí wọ́n ń bá ara wọn jà lójú ogun ti ń ka ìwé kan náà ní èdè kan náà, èyí tí ẹ̀ka-èdè Ọ̀yọ́ jẹ́ òpómúléró rẹ̀. Ìwé ti so wọ́n pọ̀ kí ìṣèlú tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ti èdè Igbo fi hàn pé ẹ̀sìn lè fa ọwọ́ aago lítíréṣọ̀ sẹ́yìn pẹ̀lú. Bíbélì Igbo tó pa ẹ̀ka-èdè pọ̀ jáde ní 1913 lọ́wọ́ ìjọ Áńgílíkà. Nígbà tí àkọtọ́ tuntun dé ní 1929, ìjọ Kátólíìkì gbà á, àwọn Áńgílíkà kò sì gbà á. Àríyànjiyàn náà kò tán títí di 1961, nígbà tí ìgbìmọ̀ Ọ̀nwụ̀ fi àkọtọ́ kan lélẹ̀ fún tọ̀tún-tòsì. Ní nǹkan bí 30 ọdún tí ìjà yìí gbà, ìwé tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Kátólíìkì ń kà yàtọ̀ sí ti ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Áńgílíkà, àwọn tó ń tẹ ìwé kò sì mọ èyí tí wọn ìbá tẹ̀. Lára ìdí tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé Igbo fi gba èdè Gẹ̀ẹ́sì mú nìyẹn.

Ìjọba amúnisìn àti ìdíje ìwé

Ní ìhà àríwá, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń gba ẹnu àwọn ẹ́míà ṣàkóso, wọn kò sì fi àyè gba àwọn míṣọ́nnárì bó ṣe wù wọ́n ní ilẹ̀ àwọn mùsùlùmí. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló wá gbé ẹ̀ka ìtumọ̀ kan kalẹ̀ láti máa ṣe ìwé ní lẹ́tà Látìn. Ní 1933, Rupert East tó ń darí ẹ̀ka náà ní Zaria dá ìdíje ìtàn àròsọ sílẹ̀ fún èdè Hausa. Lára ìwé tó tìdí rẹ̀ jáde ni Ruwan Bagaja ti Abubakar Imam àti Shaihu Umar ti Abubakar Tafawa Balewa. Ìtàn ọmọkùnrin kan tí wọ́n kó lẹ́rú, tó sì di ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù ni Shaihu Umar. Olùkọ́ ni ẹni tó kọ ọ́ nígbà náà. Ní 1960, òun ló jẹ́ olórí ìjọba Nàìjíríà olómìnira. Imam ní tirẹ̀ ṣe olóòtú ìwé ìròyìn Gaskiya Ta Fi Kwabo, èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1939. Ní 1933 yìí kan náà ni Omenuko ti Pita Nwana jáde ní èdè Igbo lẹ́yìn tó gba ẹ̀bùn nínú ìdíje àjọ kan tó ń rí sí èdè Áfíríkà ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ìdíje ìwé mìíràn ló fa Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní èdè Yorùbá. Ilé ìtẹ̀wé CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà, tẹ̀ ẹ́ ní 1938. D. O. Fágúnwà tó kọ ọ́ jẹ́ ọmọ Òkè-Igbó, ọmọ àwọn tó fi ẹ̀sìn ìbílẹ̀ sílẹ̀ di onígbàgbọ́, olùkọ́ sì ni ní ilé ẹ̀kọ́ St Andrew's ní Ọ̀yọ́. Àwọn iwin, ẹbọra àti oògùn ló kún inú igbó rẹ̀. Ìwàásù onígbàgbọ́ ló kún ẹnu àwọn àgbà inú rẹ̀. Àwọn alárìíwísí ti jà lórí èyí fún ọ̀pọ̀ ọdún: àwọn kan ní ẹ̀sìn Kirisitẹni ló borí, àwọn mìíràn ní ìgbàgbọ́ Yorùbá ni ìpìlẹ̀ ìwé náà. Ohun tó dájú ni pé ìwé tí ṣọ́ọ̀ṣì náwó lé lórí ló tún pa àwọn ẹ̀dá tí ìwàásù fẹ́ lé lọ mọ́ sí orí tábìlì ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ìṣèlú náà kò sì jìnnà sí i: ọba ló rán Àkàrà-oògùn, akọni inú ìtàn náà, àti àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Òkè Láńgbòdó, torí ohun tí yóò mú kí ìlú dára. Nígbà tí Nàìjíríà gbàlejò FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú, ní 1977, Láńgbòdó, eré tí Wálé Ògúnyẹmí fà yọ láti inú ìtàn yìí, ni orílẹ̀-èdè náà gbé jáde.

Àwọn mùsùlùmí Yorùbá àti lítíréṣọ̀

Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti dé ilẹ̀ Yorùbá tipẹ́ kí ẹ̀sìn Kirisitẹni tó dé. Ìmàle wà nínú ẹsẹ Ifá, pàápàá nínú Òtúrá Méjì, ìlú Ìlọrin sì di ibùdó ìmọ̀ Lárúbáwá ní ọ̀rúndún 19. Síbẹ̀, àwọn onígbàgbọ́ ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́. Ilé ẹ̀kọ́ ló fa èyí. Ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni ilé ẹ̀kọ́ wà, ọ̀pọ̀ òbí mùsùlùmí sì ń bẹ̀rù pé bí ọmọ bá wọlé ní Ràsákì, ó lè jáde ní Richard. Kí àwọn ọmọ lè kàwé láì pàdánù ẹ̀sìn wọn ni wọ́n ṣe dá ẹgbẹ́ Ansar-ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó ní 1923, tí ẹgbẹ́ náà sì kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀.

Ìyẹn kò ní kí ẹnu àwọn mùsùlùmí dákẹ́. Orin àti ewì alohùn ni ọgbọ́n wọn gbà jáde. Wákà bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orin ẹ̀sìn kó tó di orin àríyá. Wéré tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí àwọn ènìyàn sí sààrì nínú oṣù Ramadan ló di fújì lọ́wọ́ Síkírù Àyìndé Barrister. Ní ti ìwé, Shaykh Adam Abdullah al-Ilori (1917–1992) kọ ọ̀pọ̀ ìwé ní èdè Lárúbáwá lórí ìtàn, ẹ̀sìn àti lítíréṣọ̀, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ Markaz sílẹ̀, èyí tó fìdí kalẹ̀ sí Agége. Bí ènìyàn bá wo ìwé alálífábẹ́ẹ̀tì Látìn nìkan, yóò rò pé ẹ̀sìn kan ṣoṣo ló dá lítíréṣọ̀ Yorùbá sílẹ̀. Bó bá ka orin àti ìwé Lárúbáwá mọ́ ọn, yóò rí i pé ẹ̀sìn kọ̀ọ̀kan ní ojú ọ̀nà tirẹ̀.

Láti inú ṣọ́ọ̀ṣì bọ́ sí orí ìtàgé

Ọlọ́pàá ni Hubert Ògúndé, ọmọ Òṣóṣà, nígbà tí ìjọ Aládùúrà kan ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta ní kó ṣe eré fún wọn ní 1944. Ìtàn ọgbà Édẹ́nì ni eré náà dá lé. Ní 1945, ọdún tí àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ kárí Nàìjíríà, Ògúndé kọ eré Strike and Hunger. Nígbà tí ọlọ́pàá yìnbọn pa àwọn awakùsà 21 ní Iva Valley, Enugu, ní oṣù Kọkànlá 1949, ó fi eré Bread and Bullet dáhùn ní 1950. Láàárín ọdún mẹ́fà, eré ti kúrò nínú ilé ìjọsìn, ó ti di ohun tí ìjọba amúnisìn ń rán ọlọ́pàá sí.

Òmìnira kò sọ irú eré bẹ́ẹ̀ di ọ̀rẹ́ ìjọba. Ní 1962, ìjà láàárín Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group, àti Ládòkè Akíntọ́lá, igbákejì rẹ̀ tó jẹ́ olórí ìjọba ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, tú ẹgbẹ́ náà ká, ó sì da ẹkùn náà rú. Ní 1964, Ògúndé gbé Yorùbá Ronú jáde, ìtàn ọba kan tí igbákejì rẹ̀ dà. Kò sí ẹni tí kò mọ ẹni tí òwe náà ń bá wí. Ìjọba Akíntọ́lá fòfin de ẹgbẹ́ eré rẹ̀ ní gbogbo ẹkùn náà. Ògúndé tún dáhùn pẹ̀lú Òtítọ́ Korò. Nígbà tí ológun gba ìjọba ní oṣù Kìíní 1966, Fájuyì tó wá ń ṣàkóso ẹkùn náà ló gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin ọ̀hún.

Ní ti Dúró Ládípọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì gan-an ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ katikíìsì ni, ní Òṣogbo. Nígbà tó kọ orin Àjíǹde ní 1961, tó sì kó ìlù ìbílẹ̀ wọ inú ilé ìjọsìn, àwọn kan nínú ìjọ fárígá. Ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde síta, ó sì dá ibùdó iṣẹ́ ọnà Mbari Mbayo sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1962. Ọba Kò So, eré rẹ̀ lórí Ṣàngó, jáde níbẹ̀ ní 1963, ó sì dé Berlin ní 1964. Bí ìjọ bá ti gba ìlù rẹ̀ wọlé, bóyá orin ìjọ ni ìbá máa kọ títí.

Òmìnira, ogun àti òǹkọ̀wé

Àwọn òǹkọ̀wé èdè Gẹ̀ẹ́sì ló gbé ọ̀rọ̀ yìí kọjá ààlà ẹ̀yà. Chinua Achebe, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ katikíìsì ní Ogidi, fi Things Fall Apart (1958) hàn bí ìjọ àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe wọlé pọ̀ sí ìlú Igbo kan. Nínú Arrow of God (1964), ó lọ jìnnà sí i: àwòrò òrìṣà kan àti ọ̀gá aláwọ̀ funfun fa ọ̀rọ̀ títí tí ìjọ fi jèrè ìjà tí kì í ṣe tirẹ̀. A Man of the People, tó dá lórí ìwà àjẹbánu àwọn òṣèlú, jáde nínú oṣù Kìíní 1966 tí ológun kọ́kọ́ gba ìjọba. Ìdìtẹ̀ ológun sì ni ìtàn inú rẹ̀ parí sí. Wọlé Ṣóyínká ní tirẹ̀ fi The Trials of Brother Jero (1960) ṣẹ̀fẹ̀ wòlíì etí òkun kan tó ń ta àsọtẹ́lẹ̀ fún aráàlú àti òṣèlú. Wọ́n fẹ̀sùn kàn án ní 1965 pé ó fipá gba ilé iṣẹ́ rédíò ní Ìbàdàn lẹ́yìn ìbò tí wọ́n ní wọ́n fi màgòmágó ṣe. Ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀. Ìjọba ológun tì í mọ́lé láti 1967 sí 1969 nígbà ogun Biafra, The Man Died (1972) sì ni ìwé tó kọ nípa rẹ̀. Akéwì Christopher Okigbo kú sójú ogun náà ní 1967.

Ní ìhà àríwá, Sa'adu Zungur (1915–1958) ti lo ewì Hausa láti fi béèrè bóyá ìjọba àwọn ẹ́míà ni yóò máa lọ tàbí ìjọba ará ìlú. Ìlànà ewì tí àwọn aṣáájú jíhàádì fi lélẹ̀ ló tẹ̀ lé, ó sì fi ṣòfíntótó àwọn tó jogún ìjọba wọn.

Àwọn òǹkọ̀wé Yorùbá lábẹ́ ìjọba ológun gba ọ̀nà ìtàn. Adébáyọ̀ Fálétí kọ Baṣọ̀run Gáà (1972), nípa ìjòyè Ọ̀yọ́ tó ń pa ọba, tó ń fi ọba jẹ. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà (1970), nípa Ìyálóde Ìbàdàn tó burú sí àwọn ẹrú rẹ̀. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí fi Rẹ́rẹ́ Rún (1973) sọ bí ọwọ́ agbára ṣe fọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Òwe ni eré wọ̀nyí jẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, kò sì sí ẹni tó lè mú òǹkọ̀wé nítorí ohun tí Gáà ṣe ní ọ̀rúndún 18.

Ìṣẹ̀ṣe láàárín ẹ̀sìn méjì

Ẹ̀sìn ìbílẹ̀ kò ní ilé ìtẹ̀wé. Àwọn tó kọ́kọ́ kó ẹsẹ Ifá sínú ìwé jẹ́ onígbàgbọ́, lára wọn ni E. M. Lijadu, àlùfáà tó ń fẹ́ mọ ohun tí àwọn babaláwo gbà gbọ́ kí ó lè bá wọn sọ̀rọ̀ ìhìnrere. Lẹ́yìn òmìnira, yunifásítì gba iṣẹ́ náà. Wándé Abímbọ́lá tẹ Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá jáde ní ìparí àwọn ọdún 1960, ó di ọ̀gá àgbà yunifásítì Ifẹ̀ ní 1982, ó sì ṣe olórí àwọn aṣòfin ọmọ ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Babaláwo ni, Àwíṣẹ Awo Àgbáyé sì ni. Àjọ UNESCO ka Ifá mọ́ ohun àjogúnbá aráyé ní 2005.

Lítíréṣọ̀ ló tún sọ ìṣẹ̀ṣe di ọ̀rọ̀ ìṣèlú. Nínú fíìmù Ṣaworoidẹ (1999), tí Ìṣọ̀lá kọ, tí Túndé Kèlání sì darí, ìmùlẹ̀ tó wà láàárín ọba àti ìlú Jogbo ló yẹ kó dí ọba lọ́wọ́ ìwà ìkà. Ọba tó yẹra fún ìmùlẹ̀ náà ló fi ìlú tọrẹ fún àwọn agégẹdú. Ọdún tí ìjọba ológun kógbá wọlé ni fíìmù náà jáde. Àtẹ̀lé rẹ̀, Agogo Èèwọ̀ (2002), béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá fi ìlànà àwọn baba ńlá mú àwọn ìjòyè tó ń jí owó ìlú búra. Ní 2023, ìjọba Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìsinmi ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ. Lọ́dún kan náà, àríyànjiyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Ìlọrin lórí ẹ̀tọ́ àwọn oníṣẹ̀ṣe láti ṣe ọdún wọn níta gbangba.

Ṣàríà, ìwé àti àjọ ìṣàyẹ̀wò

Láti 1999, bẹ̀rẹ̀ láti Zamfara, ìpínlẹ̀ 12 ní ìhà àríwá fẹ òfin Ṣàríà dé orí ọ̀ràn ọ̀daràn. Ní Kano, ibi tí àwọn obìnrin ti ń kọ ìwé ìfẹ́ ní Hausa, tí wọ́n sì ń tà á lọ́jà, ìjọba dá àjọ sílẹ̀ ní 2001 láti máa yẹ ìwé àti fíìmù wò. Ní 2007, wọ́n dáná sun irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Balaraba Ramat Yakubu wà lára àwọn òǹkọ̀wé tó ti sọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tipátipá àti ìyà àwọn ìyàwó di kókó ìtàn ṣáájú ìgbà náà. Èdè tí ìjọba amúnisìn fi ìdíje gbé ga ní 1933 ló wá di èdè tí àwọn ìjòyè ń bẹ̀rù nígbà tí àwọn obìnrin gbà á mú.

Àwọn tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì láti ìhà náà, bí Elnathan John nínú Born on a Tuesday (2015) àti Abubakar Adam Ibrahim nínú Season of Crimson Blossoms, kọ̀wé lórí ìwà ipá tó fi ẹ̀sìn bojú àti ìfẹ́ tí ìlú kò fẹ́ gbọ́. Chimamanda Ngozi Adichie ti fi Purple Hibiscus (2003) ṣe irú rẹ̀ fún ilé onígbàgbọ́ Kátólíìkì kan ní Enugu. Ìtàn àròsọ Yorùbá tó gbé ìjà ẹ̀sìn sí àárín ìtàn ṣọ̀wọ́n ní ìfiwéra. Ó bá ìgbé ayé mu: ẹbí tí mùsùlùmí, onígbàgbọ́ àti oníṣẹ̀ṣe jọ ń jẹun wọ́pọ̀ níbẹ̀, ààrẹ Bọ́lá Tinúbú tó jẹ́ mùsùlùmí sì fẹ́ ìyàwó tó jẹ́ pásítọ̀.

Èdè àti ẹni tó ń kàwé

Ẹka 55 ìwé òfin fi àyè gba Hausa, Igbo àti Yorùbá pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀, bí ètò bá ti wà fún un. Gẹ̀ẹ́sì ṣì ni wọ́n ń lò. Iṣẹ́ tí Babs Fáfúnwá bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 fi hàn pé ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ kò fà sẹ́yìn nínú ẹ̀kọ́, síbẹ̀ ìlànà náà kò tàn kálẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí gbogbo Nàìjíríà ka ìwé òun gbọ́dọ̀ kọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá sì fẹ́ kí ará ìlú rẹ̀ gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ wá orí ìtàgé, rédíò tàbí fíìmù. Ìtumọ̀ ń gbìyànjú láti dí àlàfo náà: Ṣóyínká yí Fágúnwà sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, Ìṣọ̀lá sì yí Aké ti Ṣóyínká sí Yorùbá.

Àwọn tó ń náwó lé iṣẹ́ òǹkọ̀wé náà ti pọ̀ sí i. Ìjọ ṣì ń ṣe eré, bí ẹgbẹ́ Mount Zion ti ń ṣe láti 1985; ìjọba ṣì ń yan ìwé fún ilé ẹ̀kọ́, ó sì ń yẹ fíìmù wò; àwọn tó ń ta fíìmù àti ìwé lọ́jà sì ní ohùn tiwọn. Fún òǹkọ̀wé, ọ̀pọ̀ olùrànlọ́wọ́ sàn ju ẹyọ kan lọ. Ní 1964, òfin kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ olórí ìjọba ẹkùn tó láti pa ìtàgé Ògúndé tì. Lónìí, ohun tí Kano bá fòfin dè lè rí ọjà ní Èkó, ohun tí ìjọ kan bá kọ̀ sì lè rí ilé lọ́dọ̀ àwọn mìíràn. Ìyàtọ̀ ẹ̀yà àti ẹ̀sìn tí àwọn òṣèlú sábà máa ń kà sí ìṣòro Nàìjíríà ló ń fún lítíréṣọ̀ rẹ̀ ní ibi ìsádi.